Ẹ̀rọ Olójú àti Ọwọ́ Ọ̀tún Bàbá Suwaibat

Birmingham,
Ọjọ́ kẹta, Oṣù Kẹwàá, 2010.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Àsàlámù àlékùm. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ìlú òtútù. Ṣé ara ti ń mókun díẹ̀díẹ̀? Ìyá mi ńkọ́? Ṣé NEPA ń rántí yín ní Olódì-Àpápá? Níbí, òtútù ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ eegun, àmọ́ a dúpẹ́, a ń ṣiṣẹ́, a sì ń jẹun.

Bàbá, ẹjọ́ yín ni mo fẹ́ rò fún ẹ̀yin fúnra yín. Ìyá mi ní látìgbà tí ẹ ti kúrò nílé ìwòsàn lẹ́yìn àìsàn rọpárọsẹ̀ yẹn, ẹ ò padà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń bá yín na apá. Wọ́n ní ẹ sọ pé ọmọ kékeré ni obìnrin tó ń nà án, pé ó ń fà yín bí ẹni fa ewúrẹ́. Dókítà ló sọ fún wa pé apá ọ̀tún yẹn ò kú, ó sùn ni, ẹni tó ni ín ló sì máa jí i. Ṣé ẹ fẹ́ kó sùn títí ayé ni?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ohun tó wà níwájú wa. Ìparí Oṣù Kẹrin ọdún tó ń bọ̀ ni Tàófíìkì máa wálé kí wọ́n so yìgì wa. Èmi ò ní lè wá, torí ìwé ìgbélùú mi ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba. Tí mo bá jáde, wọn ò ní jẹ́ kí n wọlé mọ́. Ẹ̀yin lẹ máa dúró fún mi. Ẹ mọ̀ bí Lèmọ́mù yín ṣe ń ṣe é: bàbá ìyàwó á na ọwọ́ ọ̀tún, ọkọ náà á na ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n á di ara wọn mú, bàbá á wá fi ọmọ fún un. Bí ọwọ́ yín ò bá dìde, Ànkú Àlíù ló máa ṣe é, mo sì mọ bí ọ̀rọ̀ ẹ̀yin àti àbúrò yín yẹn ṣe rí. Èmi ò fẹ́ kí ẹlòmíì fi mí fọ́kọ.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe fi páálí yìí rán Tinú ọ̀rẹ́ mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Géèmù orí tẹlifíṣọ̀n ni, Wii lorúkọ ẹ̀. Kì í ṣe irú èyí tí àwọn ọmọ Ajégúnlẹ̀ ń jókòó tẹ̀ títí àtàǹpàkò wọn á fi wú. Nǹkan kan tó dà bíi rìmóòtù lẹ máa mú lọ́wọ́, ẹ máa ju apá, ẹni tó wà nínú tẹlifíṣọ̀n á sì ju apá tiẹ̀. Eré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń yí bọ́ọ̀lù ńlá lọ wó àwọn ìgò funfun kan lulẹ̀. Nílé ìtọ́jú àgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́, àwọn arúgbó tí ò lè gbé ṣíbí tẹ́lẹ̀ ló ń fi í na apá báyìí, wọ́n tún ń bú ara wọn lórí ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ló ń du ọjà yìí mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Àwọn tó ṣe èyí ló kọ́kọ́ dé. Àwọn kejì wo ohun tí wọ́n ṣe, wọ́n gbé bọ́ọ̀lù oníná lé orí tiwọn, wọ́n pè é ní Move. Àwọn kẹta ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀ pẹ̀lú Kinect, wọ́n ní àwọn ò ní fún èèyàn ní nǹkan kan mú lọ́wọ́, ojú ni ẹ̀rọ àwọn máa fi wo èèyàn láti orí dé ẹsẹ̀. Èyí tó ti pẹ́ ni mo rà fún yín, torí ó rọrùn.

Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo bẹ̀: ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ fi mú un. Kí ẹ sì kọ̀wé sí mi, torí ariwo wọ́ọ̀fù tí ẹ ti ṣiṣẹ́ ò jẹ́ kí etí yín gba fóònù mọ́.

Ọmọ yín,
Suwaibat.


Olódì-Àpápá,
Ọjọ́ kejìlá, Oṣù Kọkànlá, 2010.

Suwaibat Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Wàálékùm sàláàmù. Ara ń le. Ìyá rẹ náà ń bẹ, òun ló ń kọ ìwé yìí bí mo ṣe ń pè é, torí náà bí o bá rí àṣìkọ, tirẹ̀ ni. Bí o bá rí ọgbọ́n, tèmi ni.

Mo rí ẹrù rẹ gbà, mo dúpẹ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ ń bẹ. Mo rán ọmọ lọ sílùú òyìnbó pé kó lọ di èèyàn, ó wá ra ohun ìṣeré ránṣẹ́ sí bàbá tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Bí mo ṣe ń ṣí páálí ni Bàbá Godspower yọjú wọlé, ará Ùròbò tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa, tó fi gbogbo ayé ẹ̀ wa tírélà. Ó wo páálí, ó wò mí, ó ní, “Raimi, dem don send you toy?” Mo ní ẹ̀rọ ìṣègùn ni. Irọ́ àkọ́kọ́ tí o mú mi pa nìyẹn.

Mo wá ní kí ìyá rẹ tún ibi tí o ti sọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ mẹ́ta kà fún mi. Àṣàkẹ́, ẹ̀rín pa mí. Àgbààgbà òyìnbó wọ kóòtù, wọ́n jókòó sínú ọ́fíìsì, wọ́n ń jà nítorí ta ló kọ́kọ́ mọ̀ pé bí èèyàn bá juwọ́, nǹkan á lọ. Ṣé wọn ò dé wọ́ọ̀fù Àpápá rí ni? Kí ni bàbá rẹ ṣe tó fi bọ́ ọ? Èmi ni mo ń dúró létí ọkọ̀ ojú omi, tí mo ń juwọ́ sí oníkíréènì. Mo bá gbé apá sókè, kọ̀ńtánà tó tóbi ju ilé tí à ń gbé lọ á dìde. Mo bá na ọwọ́ sọ́tùn-ún, á gba ọ̀tún lọ. Mi ò mú rìmóòtù dání, mi ò gbé bọ́ọ̀lù oníná, kò sì sẹ́ni tó pè é ní géèmù. Wọn ì bá wá bá mi, ǹ bá ti bá wọn parí ìjà yẹn tipẹ́.

Àmọ́ kí o má baà pè mí ní aláìmoore, mo ti ń gbá a. Ìgò tí mo ti wó lulẹ̀, tó bá jẹ́ ìgò bíà ni, gbogbo Ajégúnlẹ̀ ì bá ti yó. Ọwọ́ ọ̀tún mi ti ń gbéra dáadáa. Sọ fún Tàófíìkì kó máa múra ọwọ́ tiẹ̀ sílẹ̀, torí bí mo bá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn, kò ní gbàgbé. Àlíù wá síbí lọ́jọ́ Jímọ̀. Ó wọ agbádá, ó jókòó láìjẹ́ pé wọ́n ní kó jókòó, ó ní òun ti ń kọ́ Lárúbáwá tí wọ́n ń sọ níbi yìgì, bóyá ara ẹ̀gbọ́n òun lè má yá. Mo ní kó lọ máa fi kọ́ àwọn ewúrẹ́ rẹ̀.

Rìmóòtù yìí ń jẹ bátìrì bí ẹni jẹ ẹ̀pà. Bá mi fi ránṣẹ́.

Bàbá rẹ,
Ràímì Oyèníran.

Suwaibat, ìyá rẹ ló ń kọ apá ìsàlẹ̀ yìí fúnra rẹ̀. Ó ti lọ kírun Àsárì. Tètè fi bátìrì yẹn ránṣẹ́ o, torí inú rédíò mi ló ti ń yọ ọ́. Àmọ́ nǹkan kan ń kọ mí lóminú. Tó bá fẹ́ gbá géèmù yẹn, ó máa ń tilẹ̀kùn mọ́rí ni, kì í jẹ́ kí n wọlé, èmi tí mo ti ń bá a gbé látìgbà tó jẹ́ pé ṣòkòtò kan ṣoṣo ló ní. Mi ò mọ ohun tó ń fi pamọ́.


Birmingham,
Ọjọ́ kẹsàn-án, Oṣù Kejìlá, 2010.

Bàbá mi,

Àsàlámù àlékùm. Ẹ kú ọyẹ́ o. Lẹ́tà yín dé ọwọ́ mi lẹ́nu iṣẹ́, mo sì jó. Ọ̀gá mi bi mí ohun tó ṣẹlẹ̀, mo ní ọwọ́ bàbá mi ti ń gbéra. Òun náà bá mi jó, kò tiẹ̀ mọ̀ yín.

Mo ti sọ fún Tàófíìkì. Ó ti ń fi ọwọ́ tiẹ̀ tẹ bọ́ọ̀lù rọ́bà kiri ilé báyìí, ẹ̀rù yín ń bà á. Mo tún ti kọ̀wé sí Ànkú Àlíù, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo ní kí wọ́n sinmi, pé bàbá mi ló máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà mí fọ́kọ. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì mí lọ́dọ̀ wọn o.

Mo ti rán bátìrì. Ẹ̀bẹ̀ tó kù ni fọ́tò. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan yà yín bí ẹ ṣe di rìmóòtù yẹn mú lọ́wọ́ ọ̀tún. Mo fẹ́ fi í sí ara ògiri. Ṣé ẹ ti lè fi ọwọ́ yẹn gbé ṣíbí? Ẹ ò sọ fún mi.

Ọmọ yín,
Suwaibat.


Olódì-Àpápá,
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, Oṣù Kìíní, 2011.

Suwaibat Àṣàkẹ́,

Sàláàmù. Ọ̀rọ̀ fọ́tò, kò sí kámẹ́rà. Ọ̀rọ̀ ṣíbí, ìyá rẹ ló ń se ọbẹ̀, òun ni kí o bi nípa ṣíbí. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ju ìyẹn lọ.

Godspower tó wà ní Houston ti ba ayé jẹ́. Nígbà Kérésì, ó fi ti àwọn ilé-iṣẹ́ kejì yẹn ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀, èyí tó gbé bọ́ọ̀lù oníná sórí. Alátùpà ni gbogbo ilé ń pè é. Látìgbà yẹn, Bàbá Godspower kò jẹ́ ká sinmi. Ó ń gbé igi oníná yẹn kiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ẹni ń fi tọ́ọ̀ṣì wá ìgbín. Yóò jókòó sórí àga rẹ̀ bí ọba, yóò máa ju ọwọ́, yóò máa fi Pidgin sọ fún ẹni tó bá ń kọjá pé tòun ń tàn, ti Raimi ò tàn. Ilé ti pín sí méjì. Àwọn kan wà lẹ́yìn mi, àwọn kan wà lẹ́yìn Alátùpà. Chinwe tó ń ran aṣọ ní yàrá iwájú sọ pé ti Alátùpà ló wu òun torí àwọ̀ iná rẹ̀ dára. Obìnrin yẹn, èmi ni mo bá a gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wọlé nígbà tí apá mi ṣì jẹ́ apá. Ilé ayé!

Ẹ̀tọ́ mi lọ́dọ̀ rẹ nìyí. O sọ pé ilé-iṣẹ́ kẹta wà, àwọn olójú, tí wọn kì í fún èèyàn ní nǹkan kan mú. Òun ni kí o rán sí mi, kíákíá, kí n fi pa Alátùpà lẹ́nu mọ́. Mo fẹ́ dúró láàárín pálọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ lásán bí mo ṣe ń dúró ní wọ́ọ̀fù, kí gbogbo wọn rí ẹni tó ni iṣẹ́.

Àlíù rí lẹ́tà rẹ gbà. Ó wá síbí, ó pariwo, ó ní a sọ òun di aláìníláárí, pé òun ò ní tẹsẹ̀ bọ ibi yìgì. Mo ní alihamudulilai.

Bàbá rẹ,
Ràímì Oyèníran.

Suwaibat, ìyá rẹ nìyí. Mo ti rí i. Mo gba ojú wíńdò ẹ̀yìnkùlé yọjú wò ó. Orí àga ni bàbá rẹ jókòó sí. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí itan, ó fi jàlámíà bò ó. Ọwọ́ òsì ló fi ń ṣe gbogbo ẹ̀, kò tiẹ̀ ju apá, ọrùn ọwọ́ lásán ló ń mì, ìgò sì ń wó. Rìmóòtù yẹn ò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Ìdí tó fi ń tilẹ̀kùn nìyẹn. Ṣé o mọ̀ pé kì í jáde kí èèyàn mọ́? Bí ẹnì kan bá na ọwọ́ sí i, á ní òun ń lọ ilé ìtọ̀, torí kò fẹ́ fi òsì gba ọwọ́ ọlọ́wọ́. Mo dúró sẹ́yìn wíńdò, mo sunkún, mo sì tún rẹ́rìn-ín, torí ó mọ̀ ọ́n gbá, ká má purọ́. Ohun tí o bá fẹ́ ṣe, ṣe é. Má dá orúkọ mi.


Birmingham,
Ọjọ́ kẹwàá, Oṣù Kejì, 2011.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Àsàlámù àlékùm. Ẹ ní kí n rán èyí tó ju ti Bàbá Godspower lọ. Mo ti rán an. Ọmọ tó bá gbọ́ràn ló ń jèrè.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Kò sí àga níbẹ̀ o, ìdúró ni. Ẹ kó gbogbo ohun tó wà láàárín pálọ̀ kúrò, torí ó fẹ́ rí yín láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ohun tí apá yín bá ṣe ni ẹni inú tẹlifíṣọ̀n máa ṣe, kò ní fi kún un, kò ní yọ kúrò. Òyìnbó kan tó ń tà á sọ fún mi pé òun ló ṣòro jù láti tàn jẹ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo ní ìyẹn gan-an ni bàbá mi ń fẹ́, torí bàbá mi kì í tan èèyàn.

Mò ń retí fọ́tò mi.

Ọmọ yín,
Suwaibat.


Olódì-Àpápá,
Ọjọ́ kẹfà, Oṣù Kẹta, 2011.

Suwaibat,

O mọ̀. Má purọ́ fún mi, o mọ̀. Ẹni tó sọ fún ọ ló ń kọ ìwé yìí lọ́wọ́, kò wo ojú mi.

Jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ fún ọ. Mo kó àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbé tábìlì ìyá rẹ síta. Mo pe gbogbo ilé. Mo pe Bàbá Godspower, mo ní kó wá wo bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ lásán ṣiṣẹ́. Chinwe fi aṣọ oníbàárà sílẹ̀ wá. Mo dúró láàárín pálọ̀. Ẹ̀rọ Olójú yìí gbé ojú sókè, ó wò mí wò mí, ni ẹnì kan bá yọ nínú tẹlifíṣọ̀n. Ó dúró bí mo ti dúró. Apá ọ̀tún rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Mo rò pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Mo mira, òun náà mira, apá yẹn kò mira.

Mo ní kò burú, ọwọ́ tó kù ni màá lò. Mo na òsì síta kí n fi mú bọ́ọ̀lù. Géèmù bá dúró gbagidi. Wọ́n bá mi tún un bẹ̀rẹ̀, mo tún nà án, ó tún dúró. Wọ́n yẹ ìwé inú páálí wò, àfi bí wọ́n ṣe rí i níbẹ̀ pé èèyàn tó bá na apá òsì síta, tó rọ apá ọ̀tún sílẹ̀, pé kó dúró ló ń sọ fún ẹ̀rọ. Àwọn òyìnbó yìí jókòó, nínú gbogbo ọ̀nà tí èèyàn lè gbà dúró láyé, èyí tí Ọlọ́run fi mí sí gan-an ni wọ́n yàn. Bàbá Godspower ní, “Raimi, na stop you dey tell am since.” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà wọ́n wo apá mi, ẹ̀rín tán lẹ́nu wọn. Ìyẹn ló dùn mí jù. Chinwe ní kí n pẹ̀lẹ́ o. Láti ọdún tó kọjá, mo ti ń sá fún pẹ̀lẹ́ yẹn.

Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Tèmi ò tó pẹpẹ, kò sì wọ akèrègbè. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, áńbọ̀sì ká fi fa ọmọ fọ́kọ. Torí náà kí Àlíù máa bọ̀. Kó wọ agbádá rẹ̀, kó sọ Lárúbáwá rẹ̀, kó fi ọ́ fún ọkọ. Mo ti ránṣẹ́ sí i. Èmi á jókòó lẹ́yìn níbi tí wọ́n ń bọ́ bàtà sí.

Má kọ̀wé sí mi mọ́ títí yìgì á fi kọjá. Èmi fúnra mi ni màá lẹ àpò ìwé yìí, kí ẹnì kan má baà ráyè kọ nǹkan kan sí ìsàlẹ̀.

Ràímì Oyèníran.


Birmingham,
Ọjọ́ kejìlélógún, Oṣù Kẹta, 2011.

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, bóyá ẹ̀yin á gbọ́. Ẹ bínú sí mi, mo jẹ̀bi. Mo mọ̀ lóòótọ́. Mi ò rò pé ẹ máa pe gbogbo ilé kí ẹ tó dá a gbá wò. Èmi rò pé ẹ̀yin àti ẹ̀rọ yẹn nìkan lẹ máa kọ́kọ́ jọ wà, pé á sọ òótọ́ fún yín níbi tí kò ti sí ẹlòmíì.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ sí mi pé ọwọ́ ti ń gbéra. Mo gbà yín gbọ́, mo jó lẹ́nu iṣẹ́, mo fi tẹnu yín lé Ànkú Àlíù lọ. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Kí n dúró dọjọ́ yìgì, kí ojú wá tì yín níwájú àwọn àna?

Ẹ má jókòó sí ibi tí wọ́n ń bọ́ bàtà sí. Mo bẹ̀ yín. Òsì ni o, ọ̀tún ni o, ẹ wà níwájú.

Ọmọ yín,
Suwaibat.


Birmingham,
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, Oṣù Kẹrin, 2011.

Bàbá mi,

Ẹ ò fèsì. Ìyá mi náà ò gbé fóònù, tí wọ́n bá sì gbé e, wọ́n á ní ẹ wà nítòsí, wọ́n á sọ̀rọ̀ òjò. Tàófíìkì wọ ọkọ̀ òfurufú lónìí. Lẹ́tà yìí wà nínú àpò rẹ̀. Ó bi mí pé ọwọ́ ta ni òun máa dì mú lọ́jọ́ Sátidé. Ànkú Àlíù ti kọ̀wé sí mi ní tiwọn pé wọ́n ti rán agbádá tuntun.

Mo fẹ́ wà níbẹ̀, Bàbá. Ká ní mo wà níbẹ̀, èmi ni ǹ bá gbé apá yín sókè.

Suwaibat.


Olódì-Àpápá,
Ọjọ́ kẹta, Oṣù Karùn-ún, 2011.

Suwaibat Àṣàkẹ́, ìyàwó Tàófíìkì,

Wàálékùm sàláàmù. Mo rí ìwé rẹ méjèèjì. Mo ní kí o má kọ̀wé, o kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ọkọ rẹ á rí i he.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo fìbínú kọ ìwé yẹn, Bàbá Godspower wọlé wá. Mo rò pé ó wá fi mí rẹ́rìn-ín ni, mo sì ti ní èpè kan nílẹ̀ fún un. Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó fi orúnkún hàn mí. Ó wú bí àgbọn. Ó ní, “Raimi, see my own. Why you think say I dey sit down play?” Gbogbo ariwo Alátùpà yẹn, kò lè dúró ni! Ó ní kí n tan Olójú, pé wọ́n ní ó lè wo èèyàn méjì pọ̀.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀rọ yẹn wo arọ méjì, kò bo àṣírí ẹnì kankan. Bí orúnkún rẹ̀ bá yẹ̀, màá fi ṣe yẹ̀yẹ́ dalẹ́. Bí apá mi bá já, òun náà á pe Chinwe wá wò ó. Ẹni tó bá pàdánù ló máa bọ ẹnì kejì lọ́wọ́, ọwọ́ ọ̀tún, kò gbọdọ̀ jẹ́ òsì. Mo pàdánù títí ọwọ́ mi fi mọ ọ̀nà. Ní ọjọ́ tí ẹni inú tẹlifíṣọ̀n kọ́kọ́ gbé apá ọ̀tún rẹ̀ kúrò lára itan, Bàbá Godspower bú sẹ́kún, ó ní eruku ló kó sí òun lójú. Torí náà, bí àwọn ilé-iṣẹ́ mẹ́ta yẹn bá bi ọ́ léèrè ẹ̀rọ tó wo bàbá rẹ sàn nínú tiwọn, sọ fún wọn pé kò sí nínú wọn. Ẹ̀gàn ló wò mí sàn. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ, torí bó bá lọ kùnà, mi ò fẹ́ kí o tún jó lásán lẹ́nu iṣẹ́.

Nígbà tó wá di Sátidé. Àlíù ti jókòó síwájú Lèmọ́mù, agbádá rẹ̀ gba àyè èèyàn mẹ́ta. Mo wọlé, mo kọjá ibi bàtà, mo lọ jókòó tì í. Mo ní kó sún. Lèmọ́mù wo èmi, ó wo òun, ó béèrè pé ta ni bàbá ìyàwó. Mo ní èmi ni. Ó ní kí á na ọwọ́. Ọkọ rẹ ti na tiẹ̀.

Àṣàkẹ́, apá yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Kò yára. Mo ń gbọ́ fáànù mọ́sálásí. Ó dé ààbọ̀ ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Àlíù ti ń ká apá agbádá rẹ̀ sókè. Ọkọ rẹ, nínú ìwà rere rẹ̀, fẹ́ sún ọwọ́ tiẹ̀ bọ̀ wá pàdé mi. Mo wò ó lójú, mo ní, “Dúró níbi tí o wà. Èmi ni mò ń mú un bọ̀.” Ó dúró. Mo sì mú un dé ibẹ̀. Mo dì í mú, mo ní mo fi ọmọ mi Suwaibat fún un, ó ní òun gbà. Bàbá Godspower tó jẹ́ Kìrìsìtẹ́ẹ́nì kígbe “Amen” láti ẹnu ọ̀nà kó tó tó àkókò.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà tí mo fẹ́ kí ó mọ láàárín wa. Lèmọ́mù ṣàdúrà tán, ó ní kí á jọ́wọ́ ara wa. Ọwọ́ mi kọ̀, kò ṣí. Àìsàn yẹn náà ni, ó máa ń di bẹ́ẹ̀ nígbà míì. Ọkọ rẹ fà á, kò jáde. Òógùn bò ó. Ó rò pé ìkìlọ̀ ni mò ń ṣe fún un nítorí rẹ. Mo jẹ́ kó rò bẹ́ẹ̀, mo tún bojú jẹ́ sí i. Má sọ òótọ́ fún un láéláé. Bó bá fẹ́ yájú sí ọ lọ́jọ́ kan, á rántí.

Mo ti fún àwọn ọmọ Chinwe ní Onírìmóòtù. Olójú ṣì wà níbí, a ṣì ń jà.

Bàbá rẹ,
Ràímì Oyèníran.

Suwaibat, ìyá rẹ nìyí. Ó ti lọ bá Bàbá Godspower, wọ́n ti ń pariwo. Má gba apá tó gbẹ̀yìn yẹn gbọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ yìgì, ọwọ́ yẹn ló fi gba kọ́ọ̀pù tíì lọ́wọ́ mi, ó mu ún tán, ó sì gbé e kalẹ̀ jẹ́ẹ́. Ní mọ́sálásí, mo jókòó síbi tí mo ti ń rí i dáadáa láàárín àwọn obìnrin. Nígbà tí Lèmọ́mù ní kí wọ́n jọ́wọ́ ara wọn, ọwọ́ náà ṣí. Mo fi ojú mi rí i. Bàbá rẹ ló mọ̀ọ́mọ̀ tún un dì.